Irọ́ Ọjọ́ Ẹtì Mẹ́ta

Ọ̀gbẹ́ni Oyèládé, olùkọ́ kọ̀ǹpútà, kì í pariwo. Bí ọmọ bá ṣẹ̀ ẹ́, orí ni yóò mì, yóò ní, "Ó dáa náà," yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí àyà gbogbo SS3A fi já ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn nígbà tó gbé ìwé àkọsílẹ̀ aláwọ̀ búlúù kan sókè, tó sì là á mọ́ tábìlì, gbàà! Ṣọ́ọ̀kì fò ṣubú, ó ṣẹ́ sí mẹ́ta.

"Bàlíkísù! Dìde!"

Bàlíkísù dìde. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Sabon Gari ní Zaria, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ta aṣọ láti ìgbà àpọ́n rẹ̀. Nílé àti ní mọ́sáláṣí àwọn ará Ìlọrin, Bàlíkísù ni wọ́n ń pè é. Ní ilé-ẹ̀kọ́, Bilkisu ni, bí àwọn Hausa ṣe ń pe orúkọ náà. Bẹ́ẹ̀ ni tíṣà àkọ́kọ́ tó kọ́ ọ ṣe kọ ọ́ sínú ìwé, bẹ́ẹ̀ náà ni òun fúnra rẹ̀ sì ń kọ ọ́. Ọ̀gbẹ́ni Oyèládé, tí òun àti bàbá rẹ̀ jọ ń kírun pọ̀, nìkan ló ń pè é bí wọ́n ṣe ń pè é nílé.

"Kí lo kọ síbí lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá?"

"Mo kọ ọ́ pé 'Ó ti wọlé', Sà."

"Ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìyẹn ńkọ́?"

"'Ó ti wọlé', Sà."

"Mo ṣí àpótí ẹ̀dà láàárọ̀ yìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, fáìlì kan ṣoṣo kò wọ ibẹ̀! Kí ló wá wọlé, Bàlíkísù? Atẹ́gùn?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ohun tó ń bí olùkọ́ nínú kò le láti yé ènìyàn. Kọ̀ǹpútà ńlá kan wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà. Inú rẹ̀ ni máàkì gbogbo ọmọ SS3 wà, iṣẹ́ odidi ọdún mẹ́ta. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, Bàlíkísù, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà, máa ń jókòó sí yàrá kọ̀ǹpútà ní òdìkejì pápá, yóò gba orí wáyà wọ inú kọ̀ǹpútà ńlá náà pẹ̀lú orúkọ àti páswọ́ọ̀dù, yóò sì ṣe ẹ̀dà àwọn fáìlì náà sínú àpótí kékeré kan, kí ọ̀kan lè kù nílẹ̀ bí ohunkóhun bá ṣe èkejì. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni wọ́n máa fi máàkì wọ̀nyí ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣètò ìdánwò àṣejáde.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, Ọ̀gbẹ́ni Oyèládé rí i pé orúkọ kan ṣoṣo tí gbogbo wọn fi ń wọlé ti di omi odò, ẹni tó bá wù ló ń bù ú. Ó pa á rẹ́. Ó ṣí orúkọ tuntun fún olúkúlùkù, ó sì kọ páswọ́ọ̀dù tuntun sórí ìwé pélébé kan fún Bàlíkísù. Lọ́jọ́ Ẹtì àkọ́kọ́, kọ̀ǹpútà kọ̀ jálẹ̀, ó fi lẹ́tà pupa kọ ọ́ sójú rẹ̀: orúkọ tàbí páswọ́ọ̀dù kò tọ̀nà. Ó tún páswọ́ọ̀dù náà tẹ̀, ó tún un tẹ̀, títí ó fi di ẹ̀ẹ̀marùn-ún, tí kọ̀ǹpútà sì tì í mọ́ta fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ẹnu lásán ni ì bá fi sọ fún olùkọ́. Àmọ́ ṣé òun kọ́ ló ti ń fọ́nnu káàkiri pé kò sí ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe tí òun kò mọ ìdí rẹ̀? Ojú tì í. Ó kọ "Ó ti wọlé" sínú ìwé, ó ní bó bá di ọjọ́ Ajé òun á tún un ṣe. Ọjọ́ Ajé dé, ó gbé wàhálà tirẹ̀ dání. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Ẹnì kan ṣoṣo ló fura. Jason Ọmọ́lẹ́yẹ, ọmọ SS3B tó jẹ́ igbákejì rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ náà, yọjú sí yàrá kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ Ẹtì kejì, ó sì rí lẹ́tà pupa.

"Bilkisu, o ò ṣe sọ fún Sà?"

"Ṣé ìwọ ni wọ́n ní kó ṣe é ni? Jọ̀ọ́, máa lọ!"

Jason lọ. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kì í bá ènìyàn fa ọ̀rọ̀.

Ní báyìí gbogbo ojú wà lára Bàlíkísù. Àwọn tó máa ń pè é ní ọ̀gá kọ̀ǹpútà ń wò ó bí ẹni tó jalè. Ọ̀gbẹ́ni Oyèládé tún bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Òótọ́ wà lẹ́nu rẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde, ṣùgbọ́n irọ́ yá jù ú lọ.

"Sà, mo rí Jason níbẹ̀. Ó ń tẹ nǹkan. Bóyá òun ló yí páswọ́ọ̀dù náà padà."

Ó sọ ọ́ tán, ara rẹ̀ fúyẹ́. Ẹ wo ọ̀rọ̀! Ó ti ọmọ ọlọ́mọ sínú kòtò, ara rẹ̀ wá fúyẹ́. Agogo ara ògiri ní aago mẹ́wàá ti lù.

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Oyèládé ṣì ń wá Jason láti fi pẹ̀lẹ́tù bi í léèrè, SS3A ti ń sọ pé Jason yí páswọ́ọ̀dù. Ọ̀rọ̀ náà dé SS3B, ó di pé Jason pa fáìlì rẹ́. Nígbà tó fi máa dé SS3C ní àkókò ìsinmi, Jason ti pa máàkì gbogbo ayé rẹ́, ó sì fi tirẹ̀ nìkan sílẹ̀.

Wahab wà ní SS3C. Ìgbà méjì ló ti tún kíláàsì kà. Bàbá rẹ̀ ní Dakace ti búra pé bó bá tún fìdí rẹmi lọ́tẹ̀ yìí, ibi tí wọ́n ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù ni yóò lọ. Ọdún yìí nìkan ni Wahab jókòó ti ìwé rẹ̀, tí máàkì rẹ̀ sì dára. Ó gbọ́ pé wọ́n ti pa á rẹ́, ojú rẹ̀ yí padà. Ó fa ẹsẹ̀ àga kan yọ, èrò sì tẹ̀lé e.

"Ina Jason? Jason dà?"

Jason ń fọwọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ omi nígbà tí wọ́n ká a mọ́bẹ̀. Kò tiẹ̀ mọ nǹkan kan. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí Wahab, ó rò pé ó fẹ́ mu omi ni. Igi àkọ́kọ́ bà á léjìká.

"Kí ni mo ṣe?"

Ìkejì bà á lórí. Ẹ̀jẹ̀ bo etí rẹ̀. Ó ṣubú, ó dìde, wọ́n tún gbá a lulẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́wàá, ẹsẹ̀ ogún, ń tẹ̀ ẹ́ ní ikùn àti ní ẹ̀yìn. Àwọn tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ gan-an ló ń lù ú jù. Ọmọbìnrin kan bọ́ bàtà rẹ̀, ó ń fi gìgísẹ̀ bàtà náà gún un, ó ń kígbe, "Barawo! Olè!" Kí ló jí? Ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ kò lè sọ. Ọmọ SS1 kan tí kò ní máàkì kankan nínú kọ̀ǹpútà náà ló mú òkúta. Kò tóbi ju ẹyin adìẹ lọ. Ojú òsì Jason ló bà.

Igbe tí Jason ké, àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ṣì ń gbọ́ ọ títí di òní.

Bàlíkísù dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá kọ̀ǹpútà, ó rí gbogbo rẹ̀. Ó fẹ́ kígbe pé irọ́ ni òun pa, kò kígbe. Ẹ̀rù ń bà á pé orí òun ni igi náà máa yí sí. Ẹ̀rù náà kì í ṣe lásán o, ṣùgbọ́n orí ẹlòmíràn ni wọ́n ń fọ́ dípò tirẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Oyèládé ya wọ àárín wọn. "Ku bari! Ẹ fi í sílẹ̀! Ẹ fẹ́ pa á ni?" Ó da ara rẹ̀ bo Jason. Igi tí Wahab jù sókè kò lè padà mọ́, ó bọ́ sí apá olùkọ́, egungun ró kà! Fún ìṣẹ́jú àáyá kan gbogbo wọn dá ọwọ́ dúró. Àní Wahab pàápàá wo igi ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ẹni tó fi lé e lọ́wọ́. Olùkọ́ kò dúró dìgbà tí wèrè wọn máa padà. Ó fi ọwọ́ kan wọ́ ọmọ náà kọjá pápá.

"Bàlíkísù, ṣílẹ̀kùn!"

Ó ṣí i, wọ́n wọlé, ó sì fi irin dè é. Ilẹ̀kùn irin ni, nítorí olè, ó sì gba òkúta àti ìpá lóríṣiríṣi láìmì. Èyí ló mú inú bí àwọn ọmọ náà sí i. Ọ̀gá àgbà wà ní Kaduna fún ìpàdé. Àwọn tíṣà yòókù ti sá wọ yàrá wọn, wọ́n ti ara wọn mọ́lé. Ẹnì kan wá pariwo pé, "Ẹ jẹ́ ká fọ́ ọ́fíìsì! Nígbà tí máàkì wa ò sí níbẹ̀ mọ́, kí ni wọ́n fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe?"

Ọ̀gbẹ́ni Oyèládé sáré dé ojú fèrèsé. "Ó wà níbẹ̀! Máàkì yín wà níbẹ̀! Ohunkóhun kò ṣe é!" Ta ni yóò gbọ́? Èrò ọgọ́rùn-ún kì í ní etí kan ṣoṣo. Ó yíjú padà, òógùn bo gbogbo ojú rẹ̀.

"Wọ́n fẹ́ fi ọwọ́ ara wọn fọ́ ọdún mẹ́ta wọn. Jókòó, Bàlíkísù. A máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kí wọ́n tó já ilẹ̀kùn ọ́fíìsì."

"Ẹ fi orúkọ tiyín wọlé, Sà."

"Tèmi kò lè wọlé láti ibí. Mo ti dè é mọ́ ọ́fíìsì kí ọmọléèwé má baà jí i lò. Tìrẹ nìkan ni mo ṣí sílẹ̀ fún yàrá yìí. Tẹ̀ ẹ́!"

Ó tẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà pupa.

"Má tíì tún un tẹ̀. Wo iná tó wà lẹ́nu wáyà yẹn."

"Ó ń ṣẹ́jú, Sà."

"Wáyà kò lẹ́bi nìyẹn. Ṣé o rí kọ̀ǹpútà ńlá?"

"Mo rí i. Ó ń bi mí ní orúkọ àti páswọ́ọ̀dù."

"Ilẹ̀kùn wà, onílé wà, kọ́kọ́rọ́ ni kò bá a mu. Fi ìwé pélébé yẹn hàn mí. Ṣé lẹ́tà ńlá lo fi bẹ̀rẹ̀?"

Lẹ́tà kékeré ló fi bẹ̀rẹ̀, bó ṣe wà lórí ìwé. Ó tún un tẹ̀. Pupa. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òdo ni ó ń pè ní lẹ́tà O, ó tún un tẹ̀. Pupa. Bàlíkísù kánjú, ó tẹ lẹ́tà méjì pọ̀ nígbà kẹrin. Pupa.

"Ó ku ẹyọ kan péré, Sà, kó tó tì wá mọ́ta."

Láti òdìkejì pápá, gíláàsì fèrèsé ọ́fíìsì ya lulẹ̀, ariwo ayọ̀ sì sọ. Olùkọ́ fi ọwọ́ tó kù di tábìlì mú, ìrora kò jẹ́ kó lè dúró dáadáa.

"Fara balẹ̀, Bàlíkísù. Ronú. Bàlíkísù!"

"Sà." Jason ni. Ó wà nílẹ̀, ó ká ẹ̀wù ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ mọ́ ojú, ẹ̀jẹ̀ ti rin aṣọ náà gbindingbindin. "Ẹ tún orúkọ ẹ̀ pè."

"Kí ni?"

"Ẹ ń pè é ní Bàlíkísù. Bilkisu ló wà lójú kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ tí mo wò ó. Báwo lẹ ṣe kọ ọ́ nígbà tí ẹ ń ṣí i?"

Ọ̀gbẹ́ni Oyèládé dúró sójú kan. Ó wá gbá iwájú orí ara rẹ̀. "Yéè! Bí mo ṣe ń pè é ni mo ṣe kọ ọ́. Mo kọ páswọ́ọ̀dù fún un, mi ò kọ orúkọ. Ta ni wọ́n ń kọ́ ní orúkọ ara rẹ̀?"

Lẹ́tà méjì péré ni: A kan tó ń kọ ní I, àti I kan tí kò kọ rárá. Bàlíkísù tẹ orúkọ náà bí ìyá rẹ̀ ṣe ń pè é, balikisu, ó sì di ojú. Nígbà tó là á, fódà ti ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹ̀dà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, SS3A kọ́kọ́, lẹ́yìn náà SS3B.

Bàlíkísù yíjú wo ọmọ tó ń ṣẹ̀jẹ̀ nílẹ̀ náà. Ẹni tí òun sọ sẹ́nu ikú ló tún gbé ìdáhùn fún òun.

"Sà, Jason kò tẹ nǹkan kan. Ó ní kí n sọ fún yín, mo lé e jáde. Irọ́ ni mo pa."

Olùkọ́ náà kò pariwo. Ó kàn ní, "Èmi nìkan kọ́ ló yẹ kí o sọ ọ́ fún báyìí. Àwọn tó wà níta ni."

Fáìlì SS3C ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé nígbà tí nǹkan ńlá kan fọ́ lọ́ọ̀ọ́kán. Iná ẹnu wáyà kú. Nọ́ńbà tó ń sáré lójú kọ̀ǹpútà dúró gbagidi. Wọ́n ti fọ́ kọ̀ǹpútà ńlá náà. Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ wọn fi tún ń bọ̀ wá sí yàrá kọ̀ǹpútà, ẹnì kan sì gbé kẹ́ẹ̀gì pẹtiróòlù láti ilé jẹnẹrétọ̀ dání. "Ẹ jẹ́ ká sun ún mọ́bẹ̀! Ẹ mú ìṣáná wá!" Òórùn pẹtiróòlù gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé.

Bàlíkísù ṣí fèrèsé, ó fi ọwọ́ méjèèjì di irin rẹ̀ mú.

"Èmi ni! Jason kò ṣe nǹkan kan! Èmi ni kò lè wọ inú kọ̀ǹpútà, mo parọ́ mọ́ ọn!"

"Irọ́ ni! O fẹ́ gbà á sílẹ̀ ni!" Wahab ló dáhùn.

"Wallahi, òótọ́ ni! Wahab, máàkì yín wà níbẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ ọ!"

Òkúta kan gba àárín irin kọjá, ó bà á lẹ́nu. Eyín méjì bọ́ sílẹ̀. Kò fi fèrèsé sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń dà sí ìborùn rẹ̀ funfun, ó ṣì ń sọ ọ́, "Èmi ni, èmi ni," títí àwọn tó wà níwájú fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Ẹni tó gbé kẹ́ẹ̀gì sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ SS1 yẹn bú sẹ́kún. Ní àkókò yìí ni àwọn bàbá tó ń lọ kírun Jímọ́ọ̀ gbọ́ ariwo, wọ́n rọ́ wọ ẹnu géètì, oníkálukú pẹ̀lú ẹní ìkírun lábẹ́ apá. Wọ́n gba igi, wọ́n gba kẹ́ẹ̀gì, wọ́n fọ́n àwọn ọmọ náà ká. Bàbá Bàlíkísù wà lára wọn. Aago méjìlá ti lù dáadáa.

Dókítà gbìyànjú, ojú òsì Jason kò yè. Apá Ọ̀gbẹ́ni Oyèládé wà nínú P.O.P. tí wọ́n fi ń de egungun, fún oṣù méjì. Máàkì SS3A àti ti SS3B lọ lọ́jọ́ Ajé. Ti SS3C, tí àwọn tó fọ́ kọ̀ǹpútà pọ̀ jù nínú rẹ̀, kò pé, wọ́n sì ní kí wọ́n dúró de ọdún tó ń bọ̀. Wahab wà ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù báyìí, òun àti ẹjọ́ tó ń jẹ́. Wọ́n ní Bàlíkísù náà kò ní ṣe ìdánwò lọ́dún yìí. Kò bẹ ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ kẹrin, bàbá rẹ̀ mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Fọláwùmí, ìyá Jason, jókòó ti bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀, ó ṣì wọ aṣọ iṣẹ́ tó fi ń lọ sí ilé-iṣẹ́ ní Chikaji. Alhaji, bàbá Bàlíkísù, dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún obìnrin tí kò ju àbúrò rẹ̀ lọ. Bàlíkísù kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ṣì wú, ọ̀rọ̀ kò já gaara.

"Ẹ dárí jì mí, Mà. Mo ti sọ òótọ́ fún gbogbo wọn."

Obìnrin náà ní kí Alhaji dìde. Ó yíjú sí ọmọ tó kúnlẹ̀ náà. Kò bú u, kò sì ṣépè, ìyẹn gan-an ló dun Bàlíkísù jù.

"Mo gbọ́ pé o sọ ọ́," ó ní. "Wọ́n ní aago méjìlá lo sọ ọ́. Ká ní aago mẹ́wàá ni, ọmọ mi ì bá máa fi ojú méjì wò ọ́ báyìí."

Bàlíkísù fi iwájú orí kan ilẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, àṣìṣe lẹ́tà méjì kò fọ́ ojú ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ fún Ọ̀gbẹ́ni Oyèládé lọ́jọ́ Ẹtì àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú méjì ni yóò fi tún un ṣe, yóò mi orí, yóò ní, "Ó dáa náà." Irọ́ tí a fi bo àṣìṣe náà mọ́lẹ̀ ló ṣe gbogbo èyí, pẹ̀lú àwọn tó gbọ́ irọ́ tí wọn kò béèrè, tí wọ́n kàn mú igi. Nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ, sọ ọ́ kó tó tutù. Ìtìjú kì í pa ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń sá fún ìtìjú lè ti ẹlòmíràn sẹ́nu ikú, òótọ́ tó bá sì sọ lẹ́yìn náà kò ní dá ojú ọmọ ọlọ́mọ padà.